Ọjọ́ Tí Ọ̀nà Gba Orí Wa Kọjá

Ọ̀dọ́ àgùntàn méje ni ọkọ mi gbé sórí iná láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ tuntun. Méje, ní Ọjọ́bọ̀ lásán, tí kì í ṣe ọdún, tí àwọn ọmọ ilé ìwé kò sì tíì gba ìsinmi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń wò ó bó ṣe ń ti ọ̀pá irin bọ ìkeje láti ìdí títí ó fi yọ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Kí Rasim tó mu kọfí àkọ́kọ́, ẹni tó bá bá a jiyàn kàn ń fi itọ́ ẹnu rẹ̀ ṣòfò ni.

Iṣẹ́ tiwa yìí ní ibi tó burú sí: a gbọ́dọ̀ se oúnjẹ kí ebi tó pa ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Odindi àgùntàn kì í jinná kíá. Ó ní láti wà lórí èédú láti àárọ̀ kùtù kó tó dára ní ọ̀sán, bí o bá sì ti gbé e kaná, kò sí bí o ṣe fẹ́ dá a padà sínú agbo. Nítorí náà, láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbéra ní Sarajevo, olú ìlú wa, Rasim á jáde sí àgbàlá, á wo ojú ọ̀run, á wo ojú títì, á sì sọ iye ẹran tí a ó sun. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kì í sábà ṣì í, mo gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, títì tó ń wò kọ́ ni ayé fẹ́ gbà mọ́.

Bí o bá dúró ní àgbàlá wa, wàá gbé orí sókè kí o tó rí afárá náà. Ó ga ju ilé gogoro mọ́ṣáláṣí wa lọ. Ó ti inú ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sára òkè lápá òsì jáde, ó gba òkè òrùlé wa, ó sì wọ inú ihò mìíràn lápá ọ̀tún. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọjà ń tà. Àwa la bọ́ àwọn tó kọ́ ọ. Bí mo bá rántí ìyẹn, inú á bí mi débi pé n kò ní mọ ẹni tí n ó bá jà.

Azemina, ọmọ wa kan ṣoṣo, ti dé láti Sarajevo ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń wo ìlú tó ń gòkè àti ìlú tó ń relẹ̀, tó ń wádìí ìdí tí ilé iṣẹ́ fi ń pọ̀ níhìn-ín tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sá kúrò lọ́hùn-ún. Òun ló bá wa wá àyè kan ní ibùdó ìsinmi tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí mọ́tò ti ń ra epo. Àyè ẹni tí yóò ta ẹran, ẹyọ kan ló kù. Wọ́n fún wa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ọ́fíìsì wọn tó tì; bí a kò bá pè, ẹlòmíràn ló ni ín. Rasim kò sọ pé òun fẹ́, kò sì sọ pé òun kò fẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà.

"Ẹran méje, Bàbá?" Azemina béèrè nígbà tí a jókòó ti kọfí. "Ta ni yóò jẹ ẹ́?"

"Àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ náà ni."

"Òkè ni wọ́n ń gbà lónìí."

"Wọ́n á sọ̀kalẹ̀. Ta ló máa fi ẹran tí omi ń yí sílẹ̀ lọ jẹ ẹran tí wọ́n fi àpótí gáàsì sun ní ibùdó ìsinmi?"

Lóòótọ́, omi ló ń yí ẹran wa. Ìsun kan ti ara òkè jáde lẹ́yìn ilé, ó ń lu kẹ̀kẹ́ onígi kan, kẹ̀kẹ́ náà ló sì ń yí àwọn ọ̀pá lórí èédú, jẹ́jẹ́, láìsinmi. Rasim gbà pé ìyẹn ló mú kí ẹran wa yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè," Azemina ní. "Kí ló dé tó jẹ́ Vrutak níbí ni ilé oúnjẹ pọ̀ sí, tí kò sí ẹyọ kan ní abúlé tó kàn? Àgùntàn tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ."

"Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ẹran sun. Bi ìyá rẹ, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí."

"Ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀," mo ní.

"Bàbá àgbà fúnra wọn ló sọ fún mi. Nígbà tiwọn, mọ́tò tó bá gun òkè yìí dé ibí, ẹ̀rọ rẹ̀ á ti gbóná, wọ́n á dúró bu omi ìsun wa sí rédíétọ̀. Níbi tí wọ́n ti jókòó de mọ́tò kó tutù ni ebi ti ń pa wọ́n. Bí Bàbá àgbà ṣe sun ẹran àkọ́kọ́ nìyẹn. Ká ní abúlé tó kàn ni òkè ti parí, ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ ì bá pọ̀ sí, àwa ì bá máa gbin ọ̀dùnkún."

"Ṣé rédíétọ̀ ló wá ń jẹ ẹran ọ̀hún ni?"

Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Rasim ti pọ́n, mo yáa wo inú ife mi.

"Bàbá, n kò sọ pé ẹran yín kò dùn. Ó dùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà ló bí wa, ẹran ló kàn tọ́ wa dàgbà. Ọ̀nà ọ̀hún sì ti kó lọ."

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjà gan-an ni wọ́n gbé lọ."

Mo wo ojú ọmọ mi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dun òun náà. Ṣebí inú ilé yìí ló ti kọ́ ìrìn, abẹ́ tábìlì àwọn àlejò ló ti ń ṣeré. Ẹni tó mọ òtítọ́ kò ní kó má dun òun.

Rasim gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ó dáa. Fehim ni yóò dá ẹjọ́ yìí. Bí Fehim bá yà wọlé lónìí, kí wọ́n fi àyè wọn fún ẹni tó bá wù wọ́n, èmi ò kúrò níbí. Bí kò bá yà, kí o pè wọ́n, n ó lọ sun ẹran nínú àpótí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Zumreta, ìwọ ńkọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Fehim ni dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ń ti Sarajevo lọ sí etí òkun. Lórí ọ̀nà wa àtijọ́, gbogbo dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ló ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ tó máa ń dúró sí, ilé oúnjẹ náà kì í sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tábìlì kan wà lẹ́yìn ààrò wa tí àlejò kankan kì í jókòó sí, tábìlì dírẹ́bà nìyẹn. Egungun ìhà tó ní ọ̀rá díẹ̀, kíndìnrín méjèèjì, àlùbọ́sà tútù àti búrẹ́dì gbígbóná, ibẹ̀ là ń gbé e sí kí èrò tó sọ̀kalẹ̀ tán nínú bọ́ọ̀sì. Àti ìgbà tí irun orí Fehim ti dúdú kirikiri ló ti ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn ní Sarajevo, òun ló ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi láti ilé, á gbé ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà dànù ní kọ́nà. Rasim fẹ́ràn rẹ̀ ju àbúrò rẹ̀ lọ.

Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń bó àlùbọ́sà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, adúrà tí mò ń gbà sínú ni pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí Fehim wá. Mo mọ̀ pé bó bá wá, ọkọ mi á dúró sábẹ́ afárá yìí títí tí ẹran ìkẹyìn yóò fi gbẹ lórí ọ̀pá, nítorí pé ó ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ilé oúnjẹ mẹ́ta tó dojú kọ wa ti tì pa kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà rárá. A kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ wo irú adúrà tí mò ń gbà sí ọ̀rẹ́ ẹni, ojú ń tì mí, mo sì ń gbà á lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Hilmo yà wá. Hilmo ni aládùúgbò wa tó ní ọ̀kan nínú ilé oúnjẹ mẹ́ta yẹn. Ó ti gba àyè tirẹ̀ ní ibùdó ìsinmi, kọfí àti àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi wàràkàṣì sí nínú ni yóò máa tà. Ó wọ aṣọ pupa tí wọ́n fún un, ó dé fìlà pupa tó bá a mu, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Ó ka àwọn ọ̀pá náà lójú. "Ẹ̀gbọ́n Rasim, ta lẹ fẹ́ gbé ní ìyàwó?"

"Ìyá rẹ," Rasim ní, kò gbójú sókè.

"Ẹ pè mí síbi ìnáwó o. Àbí ẹ rò pé àwọn dírẹ́bà yín yóò sọ̀kalẹ̀ wá? Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò gbúròó ẹnìkan."

"Fehim kì í ṣe irú yẹn. Lọ ta kọfí rẹ, ìwọ tí wọ́n wọ ní aṣọ bí ọ̀bọ."

Hilmo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín náà ti kúrò lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa," ó rọra sọ, "n kò sùn lánàá. Wọn kò gbà kí n gbé ohun kan wá láti ilé, àní ife kọfí. Ìgbà tí n ó ṣí, ìgbà tí n ó tì, àwọn ló ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé Rasim kò gbọ́. "Àmọ́ kí ẹ bá a sọ ọ́. Níbí yìí, kò sí nǹkan kan mọ́." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn tó gun òkè lọ.

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn ní ìyàwó, n kò mọ̀ pé ìsun wa ní ohùn. Mọ́tò ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ onígi tó ń dún kìrìkìrì, mo tún gbọ́ ọ̀rá tó ń kán sórí èédú. Lókè, mọ́tò ti ń kọjá, ó ń lọ wìì, wìì, a kò rí wọn dáadáa, oòrùn kàn ń kọ mànà lára gíláàsì wọn ni. Lórí títì tiwa, katakata kan kọjá, lẹ́yìn náà ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà. Ajá Hilmo rìn dé àárín títì, ó yí po, ó sì sùn síbẹ̀. N kò lè gbé ojú mi kúrò lára ajá yẹn. Bó bá ṣe àná ni, wọn ì bá ti tẹ̀ ẹ́ pa.

Nígbà tó ṣe, mọ́tò kan dé. Rasim ti ju aṣọ ìdáná funfun sọ́rùn kí ó tó dúró dáadáa. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan sì wà lẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀. Ìsinsìnyí ló jinná. Ẹ jókòó síbi ìbòòji."

"Ẹ ṣeun, bàbá," ọkùnrin náà ní. "A ṣì ọ̀nà ni. Ọ̀nà márosẹ̀ là ń wá, fóònù wa ló ṣì wá lọ́nà gbé wa sọ̀kalẹ̀ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí fẹ́ tọ̀."

Mo mú ọmọ náà lọ. Nígbà tí a padà dé, Rasim ti gé ẹran tín-ínrín kan sórí búrẹ́dì, ó nà án sí i. Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni, etí òkun la ti fẹ́ jẹun." Rasim ṣì na ọwọ́ náà síta fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kó o padà. Azemina ló júwe ọ̀nà fún wọn. Ó mọ gbogbo ọ̀nà náà lórí, ó sọ ibi tí wọn yóò yà, ibi tí wọn yóò gùn, kò sì wo ọ̀dọ̀ wa títí wọ́n fi lọ.

Ọ̀sán pọ́n. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì Fehim máa ń dé tó. Rasim gé egungun ìhà, ó yọ kíndìnrín, ó gbé wọn sí tábìlì dírẹ́bà, ó fi aṣọ bò wọ́n kí eṣinṣin má bà á. Ó lọ dúró sẹ́bàá títì, ó fọwọ́ ṣíji bo ojú. Mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo ọkọ mi, mo sì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tó ń tì mí lójú.

Azemina ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé orí sókè, àwa náà bá a gbé e. Bọ́ọ̀sì kan tó ní ilà yẹ́lò méjì lára bíi ti Fehim ló yọ nínú ihò òkè, ó gba orí afárá, kò ju kí ènìyàn mí sínú kó mí síta, ó sì wọ ihò kejì.

"Kì í ṣe òun," Rasim ní. "Bọ́ọ̀sì onílà yẹ́lò pọ̀."

Azemina ṣì ń wo ihò tí bọ́ọ̀sì náà wọ̀.

"Mo ní kì í ṣe òun."

Ó padà sídìí èédú, ó mú ìyẹ́ tó fi ń ra omi iyọ̀ sára ẹran, ó ń rà á sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Awọ wọn ti pọ́n, ó ti ń di dúdú létí. Ó wọ́ èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún wọ́ ọ padà. Oòrùn kúrò lágbàlá, òjìji afárá sì bò wá. Azemina ń wo fóònù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó fi ojú bi mí léèrè ohun tí a ó ṣe.

Mo lọ bá Rasim. "Bàbá Azemina, ọ̀sán ti lọ. O ti sọ tìrẹ, a sì ti dúró. Jẹ́ kí ọmọ náà pè wọ́n."

"Ilẹ̀ kò tíì ṣú."

"Ọ́fíìsì kì í dúró de kí ilẹ̀ ṣú."

"Ó lè jẹ́ pé táyà rẹ̀ ló jò."

"Rasim, a rí bọ́ọ̀sì ọ̀hún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ rí i." Ohùn mi ti ń gòkè, n kò lè dá a dúró mọ́. "Bí o bá fẹ́ kú sábẹ́ afárá yìí, èmi ò fẹ́. Mo fẹ́ jẹun lọ́dún tó ń bọ̀. N kò fẹ́ kí ọmọ yìí máa gé nínú owó oṣù tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wa bíi pé aláìsàn ni wá."

Ó wò mí. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀ débi pé mo kábàámọ̀ gbogbo ohun tí mo sọ. "Ó dáa," ó ní. Ó yíjú sí Azemina, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ajá Hilmo sì dìde lójú títì.

Mọ́tò kékeré aláwọ̀ búlúù kan ló ń bọ̀ láti ọ̀nà òkè. Ó dúró níwájú ilé. Fehim ló sọ̀kalẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì. Munira ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lápá kejì pẹ̀lú báàgì ìjáde rẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Rasim lu itan rẹ̀, ó pariwo ẹ̀rín, mo ti pẹ́ tí mo gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín. Azemina, gbé fóònù rẹ jù sódò."

Azemina kò gbé ojú sókè. Ó ti fẹ́ bú sẹ́kún. Mo wo ọkùnrin rere yẹn tó ń bọ̀ wá kí wa pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ohun tó sì wá sọ́kàn mi ni pé ó ti pa wá.

"Ìyàwó wa, ṣé àlàáfíà ni? Ojú yín funfun."

"Ebi ni," mo ní. "Ẹ jókòó."

Rasim ti di í ní apá, ó ń fà á lọ sídìí ààrò. "Ó ti tutù díẹ̀, n ó gé òmíràn. Tábìlì rẹ ló wà níbẹ̀ yẹn."

Fehim wo tábìlì náà àti aṣọ tí wọ́n fi bo oúnjẹ orí rẹ̀. Ó rọra yọ apá rẹ̀. "Tábìlì dírẹ́bà nìyẹn," ó ní. "Lónìí, àlejò ni mí." Ó lọ jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́. "Ẹ fún wa ní ìwé oúnjẹ."

A kò mọ ibi tí ìwé oúnjẹ wà, ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè rẹ̀. Azemina ló wá a rí. Fehim ṣí i, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí a ń tà, ó ní kí a gé ẹran wá fún ènìyàn méjì.

"Ta ló wa bọ́ọ̀sì?" Rasim béèrè nígbà tó gbé àwo kalẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó tì wọ́n.

"Ọmọkùnrin tuntun kan. Mo gba ìsinmi lónìí. N kò lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gba orí yín kọjá, Rasim. Mo sọ fún wọn pé eyín ń dùn mí."

"Lọ́la ńkọ́?"

Fehim jẹ ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì kó tó dáhùn. "Lọ́la, òkè ni n ó gbà. Wọ́n ti so ẹ̀rọ kan mọ́ bọ́ọ̀sì tó ń sọ ibi tí mo wà fún wọn. Bí mo bá yà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí n ó fẹ̀yìn tì kò sì tíì tó."

"Ṣùgbọ́n o wá."

"Mo wá." Ó yíjú sí Azemina. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí lo wá ṣe nílé lọ́jọ́ iṣẹ́?"

Azemina wo bàbá rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́: ibùdó ìsinmi, ọ́fíìsì tó fẹ́ tì, ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ lórí kọfí. Bó ṣe ń sọ ọ́, Fehim dẹ́kun jíjẹun. Munira gbé ọwọ́ lé e lápá.

"Èmi ni o fi ṣe òṣùwọ̀n?" Fehim bi Rasim.

"Ta ni kí n fi ṣe é? Ìwọ lo mọ adùn ẹran yìí jù lọ láyé."

Fehim jẹ oúnjẹ tó kù láwo rẹ̀ tán, kò yára. Ó fi búrẹ́dì nu ọ̀rá. Nígbà tó parí, ó yọ àpò owó rẹ̀, ó fa owó bébà kan jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú Rasim.

Rasim sún sẹ́yìn bíi pé ejò ni. "Kí nìyẹn?"

"Owó oúnjẹ."

"Fehim, má fi mí ṣe ẹlẹ́yà nínú ilé mi. Ìgbà wo lo sanwó níbí rí?"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń sanwó," Fehim ní. "N kò jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ rí nínú ilé yìí, ọ̀rẹ́ mi. Èrò ni mo fi ń san. Bọ́ọ̀sì kún, mo dúró, wọ́n jẹun, mo sì jẹ. Lónìí, n kò mú ènìyàn kankan wá bá ọ àyàfi ìyàwó mi. Gbowó rẹ."

"O wá nítorí ẹran."

"Mo wá nítorí rẹ. Ẹran dùn, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n dídùn rẹ̀ kọ́ ni mo fi ń tẹ bíréèkì láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀nà ló gba ibí." Ó sún owó náà sí i. "Má fi mí ṣe ìdí tí o fi máa jókòó síbí kí ebi pa yín. Mo bẹ̀ ọ́. Gbà á."

Mo ti rí Rasim níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, mo rí i lọ́jọ́ tí iná jó àgbàlá wa. N kò rí i bó ṣe rí yẹn rí. Ó wo owó náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ mú un, ó rìn lọ sídìí dúrọ́ọ̀ owó, ó sì kó ṣéńjì wá. Ó kà á sí ọwọ́ Fehim bó ṣe ń kà á sí ọwọ́ àjèjì tó ń kọjá lọ sí òkun. Fehim gbà á, ó kó o sápò. Wọn kò wo ara wọn lójú. Mo sunkún níbi tí mo dúró sí, n kò bo ojú.

"Pè wọ́n," Rasim sọ fún Azemina.

Ó tẹ nọ́ńbà wọn. Fóònù náà dún, ó tún dún, mo rò pé wọ́n ti lọ sílé. Ọkùnrin kan gbé e nígbà tó yá. Azemina tẹ nǹkan kan tí gbogbo wa fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì gbé fóònù náà fún bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," Rasim ní. "Nítorí àyè ẹran yẹn ni. Mo gbà á."

"Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ kí ẹ pẹ́. Ẹlòmíràn ti ń dúró. Kí lẹ ń tà?"

"Ọ̀dọ́ àgùntàn sísun."

"Níbo lẹ ti ń tà á báyìí?"

"Ní Vrutak."

"Níbo nìyẹn?"

Rasim yíjú wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sí ẹnìkan ní orílẹ̀-èdè yìí tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Mo wà níbí," ó ní. "Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Sarajevo, ẹ ó jáde nínú ihò òkè kan. Kí ẹ tó wọ èyí tó kàn, ẹ ó wà lórí afárá. Ẹ dẹ ìrìn díẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún yín."

"Bàbá, wọn kì í dẹ ìrìn lórí afárá yẹn."

"Mo mọ̀," Rasim ní. "Mo mọ̀."